Ilẹ̀ Tí Sìmẹ́ńtì Kò Bò

Kì í ṣe àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, lójú ènìyàn, nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá sí Ìsọlọ̀, kó gba ẹ̀yìn ọjà Aswani wọlé, kó béèrè òpó iná tó tẹ̀ sápá òsì. Kó dúró sídìí rẹ̀, kó wo ọ̀kánkán. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn. Èmi ò ní kó wọlé o. Kó ṣáà dúró, kó gbọ́ bí ibẹ̀ ti dákẹ́ tó.

Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ló sọ ọ́ fún mi. Ohun tí kò sọ, mi ò fi kún un.

Ọdún tí ìjọba san owó Udójì fún àwọn òṣìṣẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Owó wà nígboro nígbà náà. Ẹni tí kò ní rédíò ra rédíò, ẹni tó ti ní rédíò ra tẹlifíṣàn. Alàgbà Olúbọ̀wálé tó ni ilé aláwọ̀ ewé yìí kò ra ọ̀kankan nínú méjèèjì. Sìmẹ́ńtì ló rà. Ó da sìmẹ́ńtì bo gbogbo ọgbà, láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ó ní òun ò fẹ́ fojú kan ẹrẹ̀ mọ́ láyé òun. Ó bo ìdí igi máńgòrò pàápàá, igi náà sì gbẹ. Ibì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ fèrèsé yàrá ìyàwó rẹ̀, tí kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ kó má bò ó. Ó fẹ́ fi ṣe gádìnì, bí èyí tó máa ń rí nílé àwọn òyìnbó n'Íkòyí.

Olúfọlákẹ́ ni orúkọ ìyàwó náà. Ó ti lo ọdún méjìlá nílé ọkọ, kò tíì bímọ. Àwọn tẹ́náǹtì ò mọ ohun tí wọn ì bá máa pè é. Kò sí orúkọ ọmọ tí wọ́n lè so ìyá mọ́. Ni wọ́n bá ń pè é ní Àǹtí Fọlákẹ́.

Ó gbin òdòdó lóríṣiríṣi síbẹ̀. Ó ń bomi rin wọ́n láàárọ̀, ó ń bomi rin wọ́n nírọ̀lẹ́. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ọdún kan kọjá, èkejì wọlé. Ewé ni wọ́n ń yọ. Ewé dúdú tó ń dán, láìsí ẹyọ òdòdó kan.

"Akọ ni gbogbo wọn," ni Àgbékẹ́ aránṣọ wí lọ́jọ́ kan níbi ẹ̀rọ omi.

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n gbójú sókè, Àǹtí Fọlákẹ́ wà lójú fèrèsé. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn rọra pa fèrèsé náà dé.

Yàrá tó kọjú sí gádìnì yẹn ni Sàfúrátù àti ọkọ rẹ̀ Nùrẹ́nì ń gbé. Ìwó ni wọ́n ti wá. Nùrẹ́nì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù fún un. Nígbà ọyẹ́ ọdún kejì ni Sàfúrátù bí àkọ́bí rẹ̀. Obìnrin ni. Ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, ojú rẹ̀ ti ń dúdú kí wọ́n tó já a. Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá orúkọ. Àìná ni.

Nọ́ọ̀sì ilé ìgbẹ̀bí gbé ibi ọmọ fún Nùrẹ́nì nínú ìṣaasùn tuntun, ó fi àkísà dé e lẹ́nu. Bí a ti ń ṣe é kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ilé bàbá ọmọ ni wọ́n ń rì í sí, níbi tí ẹsẹ̀ àlejò kì í dé. Ṣùgbọ́n Ìwó jìnnà, Nùrẹ́nì sì gbọ́dọ̀ wọṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ó dá gbé ìṣaasùn náà lọ sílé. Nígbà tó padà wá wo ìyàwó rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Bàbá Àìná, ibi ńkọ́?"

"Mo ti rì í."

"Níbo?"

"Inú ilẹ̀ náà ni. Sùn jàre, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Sàfúrátù sùn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ogójì ọjọ́ ni kò fi kọjá ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọjọ́ tí ó pé ogójì, ó wẹ̀, ó wé gèlè, ó pọn ọmọ, ó bọ́ síta. Ariwo Àǹtí Fọlákẹ́ ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Ẹ wá o! Ẹ wá wo ohun tí Olúwa ṣe!"

Gbogbo ilé ti pé sídìí gádìnì. Igi òdòdó kan ti hù láàárín àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Ó ti ga dé ìbàdí, bẹ́ẹ̀ òjò kankan kò tíì rọ̀ lọ́dún náà, ewéko gbogbo àdúgbò sì ti pọ́n dànù. Òdòdó wà lára rẹ̀ jìngbìnnì, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló pa ẹnu dé, gbọọrọ gbọọrọ, bí ìka ọmọ ọwọ́.

Ládàánì kọ ìpè Alásárì ní mọ́ṣáláṣí.

Àwọn òdòdó náà là.

Wọn ò là lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan náà ni. Àwọn ènìyàn rí i. Òórùn kan dìde níbẹ̀, ó dùn, ó wúwo, bí ara ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdí àgbọn pa. Sàfúrátù mọ òórùn náà. Ó yí ọrùn padà láti wo ọmọ rẹ̀. Àìná tó ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn láìpẹ́ yìí ti sùn. Orí rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oorun náà kò wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí ìgbà tí wọ́n pa iná ni.

"Ilé mi ti tanná," ni Àǹtí Fọlákẹ́ wí. Omi wà lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Gbé e fún mi díẹ̀, Ìyá Àìná. Díẹ̀ péré."

Sàfúrátù kò mọ ìdí tó fi fà sẹ́yìn.

"Ó ti sùn, Àǹtí."

"Mo rí i," ni obìnrin náà wí. "Mo rí i pé ó ti sùn."

Àìná kò jí nírọ̀lẹ́ yẹn. Kò jí lóru. Ìgbà tí ojúmọ́ mọ́ ló lajú, ó ń rẹ́rìn-ín. Sàfúrátù wo ojú fèrèsé. Àwọn òdòdó ti pa ẹnu dé.

Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọjọ́ kẹta. Ládàánì yóò pe ìrun, òdòdó yóò là, ojú Àìná yóò pa dé. Sàfúrátù pè é. Ó mì ín. Ó fi omi tútù sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó já a léèékánná lápá, ó sì sunkún nítorí pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ń mí dáadáa. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò tutù. Kò kàn sí nílé ni.

Ó lọ bá Àgbékẹ́ níbi tó ti ń ránṣọ.

"Àǹtí Àgbékẹ́, ọmọ mi ń sùn jù."

Àgbékẹ́ dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Kí lo wí?"

"Láti Alásárì títí di àárọ̀. Kì í ta pútú."

"Ṣé wàhálà nìyẹn náà? Gbé e wá, kí n gbé Ọmọ́wálé tèmi fún ọ. Tó bá ké fún ọ lóru ẹyọ kan, wàá mọ̀ pé Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ tẹ́lẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó tún wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. "Ìyàwó kékeré, ìwọ náà ń wá ohun tó máa dùn ọ́."

Sàfúrátù kò rẹ́rìn-ín. Nǹkan kan wà tí kò tíì sọ. Ọmọ tó sùn láti ọ̀sán di àárọ̀, tí kò mu ọmú, ó yẹ kí ebi máa pa á. Ebi kì í pa Àìná. Láràárọ̀, ikùn rẹ̀ yó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń kún sí i. Bí Sàfúrátù bá gbé e sọ́mú, yóò fi ahọ́n ti orí ọmú dànù, bí ẹni tí wọ́n tún gbé oúnjẹ wá fún lẹ́yìn tó ti jẹun tán. Ọmú tirẹ̀ wú, ó ro ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Lọ́jọ́ kan, ìyá tó ń kiri búrẹ́dì dúró lẹ́nu géètì.

"Ìyá Àìná o! Búrẹ́dì gbígbóná!"

"Mò ń bọ̀!"

Sàfúrátù ti la ẹnu. Ohùn tirẹ̀ kọ́ ló jáde. Ó rí Àǹtí Fọlákẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń so ìró mọ́dìí. Ojú àwọn méjèèjì pàdé.

"Má bínú," ni Àǹtí Fọlákẹ́ wí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mi ò mọ bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi."

Ó yíjú padà wọlé. Búrẹ́dì náà kò rà á.

Láti ọjọ́ náà ni Sàfúrátù ti ń ṣọ́ ọ. Ó jókòó lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, ó ń wò. Obìnrin náà kò dá sí ọmọ òun lójú ayé. Kò wá sí yàrá òun. Ohun tó ń ṣe kò ju pé kó gbé àga jáde bí òdòdó bá là, kó jókòó tì wọ́n, kó máa kùn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, yóò gbé àga rẹ̀ wọlé. Láàárọ̀ yóò fọ bùbá kan, yóò sá a.

Bùbá kan, lójoojúmọ́.

Sàfúrátù lọ síbi okùn aṣọ bí ẹni pé ó fẹ́ ká aṣọ tirẹ̀. Ó fa bùbá náà sọ́dọ̀. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò tán. Àbàwọ́n róbótó méjì wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ó mọ àbàwọ́n náà. Ó wà lára gbogbo bùbá tirẹ̀. Èèrà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí rẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún méjìlá nílé ọkọ. Kò bímọ rí.

Ọjọ́ ìsinmi Nùrẹ́nì, Sàfúrátù kò jẹ́ kó jẹun tán.

"Bàbá Àìná, níbo lẹ rì í sí?"

"Kí ni?"

"Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ."

Nùrẹ́nì wo àwo rẹ̀.

"Ilẹ̀ wo ló kù nínú ilé yìí? Sọ fún mi. Gbogbo rẹ̀ ni sìmẹ́ńtì. Mo rìn yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ìṣaasùn lọ́wọ́ bí olè. Iṣẹ́ sì ń dúró dè mí."

"Ẹ rì í sínú gádìnì obìnrin yẹn."

"Inú gádìnì ni."

"Ẹ ò tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Tí mo bá tọrọ, ṣé yóò fún mi?"

Sàfúrátù fi ọwọ́ lé orí. Nùrẹ́nì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Tannápoṣó ni òdòdó yẹn. Ó kún ẹ̀yìn ilé wa n'Ìwó. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń là, gbogbo ayé ló mọ̀."

"Ṣé ti Ìwó náà máa ń mú ọmọ sùn?"

Ládàánì ti ń pe ìrun. Nùrẹ́nì yíjú sí Àìná tó ń ṣeré lórí ẹní. Ọmọ náà ń na ọwọ́ sí fìlà rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró nínú afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà ó rọ̀ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbé e. Ó pè é. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó gbé etí lé e láyà. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Yóò dáa," ló wí. Kò wí i bí ẹni tó mọ̀.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Alàgbà Olúbọ̀wálé àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nùrẹ́nì kò tíì dé láti ibi iṣẹ́. Àgbékẹ́ wà lọ́jà. Ilé dákẹ́. Sàfúrátù tẹ́ ẹní lórí sìmẹ́ńtì, ó tẹ́ Àìná lé e. Òdòdó pa ẹnu dé, ọmọ lajú sílẹ̀, ó ń bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣeré. Sàfúrátù mú ọ̀bẹ ìdáná, ó kúnlẹ̀, ó ń walẹ̀.

Ó fẹ́ gbé ohun tirẹ̀ jáde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó tilẹ̀ ti jẹrà, yóò dì í, yóò gbé e lọ sí Ìwó fúnra rẹ̀.

Ilẹ̀ náà rọ̀. Kò pẹ́ tó fi kan ìṣaasùn. Àkísà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbẹ, ó mọ́. Ó ṣí i. Ibi ọmọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ìgbà tí wọ́n rà á lọ́jà. Ihò kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, gbòǹgbò igi òdòdó náà ló gba inú ihò yẹn kọjá. Gbòǹgbò náà ki tó ọrùn ọwọ́. Ó lọ́ pọ̀ mọ́ra, funfun, iṣan búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ ń gba ara rẹ̀ lọ. Ó la ọ̀nà méjì. Ọ̀kan gba abẹ́ sìmẹ́ńtì lọ sí ìhà yàrá Sàfúrátù. Ọ̀kan gba abẹ́ ògiri wọlé Àǹtí Fọlákẹ́ lọ.

Ó fi ọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Oòrùn kò tíì dé ibẹ̀.

Ó gbé ọ̀bẹ lé èyí tó wọlé Àǹtí Fọlákẹ́. Kò tíì ge é. Ó kàn gbé ọ̀bẹ lé e ni.

Ẹ̀rín Àìná dáwọ́ dúró.

Sàfúrátù bojú wẹ̀yìn. Ẹnu ọmọ náà là, ohùn kò jáde. Ojú rẹ̀ ń dúdú bí ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ọwọ́ rẹ̀ kékeré méjèèjì wà lọ́rùn, ó ń wá ohun tí yóò tú.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó dún lórí sìmẹ́ńtì. Àìná mí, ó ké.

Sàfúrátù gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Kò mọ iye ìgbà tó fi jókòó bẹ́ẹ̀. Ó ṣáà gbọ́ tí géètì dún. Àǹtí Fọlákẹ́ dúró, Bíbélì lábíyá, ó ń wo ihò ilẹ̀, ó ń wo ọ̀bẹ. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń ti mọ́tò níta. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára. Ó fi ọwọ́ lásán wọ́ iyẹ̀pẹ̀ padà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń da aṣọ bo ọmọ.

"Má ṣí i sílẹ̀ mọ́," ló wí. "Atẹ́gùn ò dáa fún un."

"Àǹtí, kí lẹ mọ̀ nípa igi yìí?"

"Kí ni ìwọ náà mọ̀?"

"Èmi ni mo bí Àìná."

Àǹtí Fọlákẹ́ gbójú sókè. Kò sí ìjà lójú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ba Sàfúrátù lẹ́rù jù.

"Ta ló bá ọ jiyàn?" ló wí.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Nùrẹ́nì ti rí yàrá sí Òkè-Àfá. Wọ́n kó ẹrù láàárọ̀ kùtù, nígbà tí òdòdó ti pa ẹnu dé. Alàgbà Olúbọ̀wálé bínú pé wọn ò sọ fún òun tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò bínú. Ó dúró ti gádìnì, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Ó dàbọ̀, Àǹtí," ni Sàfúrátù wí.

"Ẹ máa lọ. Ẹ ò ní jìnnà."

Ọ̀sán ọjọ́ náà, ìpè Alásárì dún ní Òkè-Àfá. Sàfúrátù di ọmọ rẹ̀ mú. Àìná ń wò ó. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ rekete. Ìrọ̀lẹ́ dé, ó ké, ó wá ọmú, ó sì mu ún. Sàfúrátù ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó jí Nùrẹ́nì tó ń sùn kó tó lọ síbi iṣẹ́, pé kó wá gbọ́ bí ọmọ òun ti ń ké.

Àìná kò sùn lóru yẹn. Wọ́n ní ilé tuntun ni.

Kò sùn lọ́jọ́ kejì. Kò sùn lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, kò ké mọ́. Ó dùbúlẹ̀, ó lajú, ó kọ ojú sí ògiri kan náà. Bí wọ́n bá yí i padà, yóò rọra tún orí yí síbẹ̀. Ìhà Ìsọlọ̀ ni ògiri yẹn wà. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní kò níbà, ó fún un ní oògùn omi, ó ní bó bá rẹ̀ ẹ́ yóò sùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún ti ń wọ inú.

Àgbékẹ́ wá kí wọn lọ́jọ́ kẹfà. Ó ti mú ẹ̀fẹ̀ bọnu láti ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú ọmọ náà, kò lè sọ ọ́.

"Kí ló ṣe é?"

"Kò sùn, Àǹtí Àgbékẹ́. Láti ìgbà tí a ti dé."

Àgbékẹ́ jókòó.

"Òdòdó yẹn," ló wí. "Kò là mọ́. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti lọ. Ó kàn wú síbẹ̀, ó pa ẹnu dé. Àǹtí Fọlákẹ́ kì í kúrò nídìí rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó ní òun náà ò tíì sùn." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó sọ èyí tó kù. "Ó ní kí n kí Ìyá Àìná. Mo ní màá jíṣẹ́. Ó wá ní, sọ fún un pé kò sí ìjà."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, Sàfúrátù pọn ọmọ. Kò sọ fún Nùrẹ́nì. Ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Òkè-Àfá. Ó gba ẹ̀yìn Aswani wọlé. Ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé òun ò ní wọ ilé náà, pé òun kàn fẹ́ rí i lókèèrè. Ìpè Alásárì bẹ̀rẹ̀. Bó ti dé ìdí òpó iná tó tẹ̀ yẹn, òórùn àdí àgbọn gbá a nímú. Orí Àìná wúwo lójijì sí i lẹ́yìn.

Ó dúró. Ó tẹ́tí. Ọmọ náà ń mí bí ẹni tó sùn.

Ó fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. Ojú Àìná là.

Ó sún síwájú ní ìṣísẹ̀ kan. Ojú náà pa dé.

Ibi tí ó dúró sí nìyẹn, títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ó rí obìnrin kan lọ́ọ̀ọ́kán, nínú ọgbà ilé aláwọ̀ ewé, tó jókòó ti ohun pupa kan. Wọn ò kí ara wọn. Nígbà tí Sàfúrátù padà dé ilé, Àìná jí, ó ké, ó wá ọmú, ó sì mu ún. Inú Sàfúrátù dùn. Ó rò pé òun ti rí ọgbọ́n rẹ̀. Oorun ọ̀sán yóò wà nídìí òpó iná, ọmú yóò wà nílé. Òun lè máa rìn ín. Òun lè máa rìn ín títí ọmọ òun yóò fi dàgbà.

Ó rìn ín fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó dúró sídìí òpó, ìpè dún, ojú Àìná kò pa dé. Ó ní láti kọjá òpó náà ní ìṣísẹ̀ méjì.

Ó dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún, kò tó mọ́. Ó di iwájú ìsọ̀ fọ́kánáísà kí ọmọ tó sùn. Lọ́jọ́ keje, ó ti kọjá ìsọ̀ fọ́kánáísà. Àwọn ọkùnrin tó ń lẹ táyà níbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ń bi í léèrè ẹni tó ń dúró dè. Ó ń ka ìṣísẹ̀ tó kù láàárín òun àti géètì. Mọ́kànlélógún. Mẹ́rìndínlógún. Mọ́kànlá. Bí kò bá wá rárá, ọmọ kò ní sùn. Bí ó bá wá, ilẹ̀ ń dín.

Ọjọ́ kẹtàlá, ó dé ẹnu géètì. Wọ́n ti ṣí i sílẹ̀. Kò sẹ́ni nínú ọgbà àfi Àǹtí Fọlákẹ́. Sìmẹ́ńtì funfun láti ibí dé ọ̀hún, kò sí ariwo ẹ̀rọ Àgbékẹ́, kò sí ohùn ẹnì kankan níbi ẹ̀rọ omi. Òdòdó náà ti gùn kọjá fèrèsé. Ẹnu wọn dé. Wọ́n ń dúró.

Àga méjì ló wà nídìí rẹ̀. Àǹtí Fọlákẹ́ jókòó sórí ọ̀kan, ó ti ṣí bọ́tìnì bùbá rẹ̀ méjì òkè.

Ládàánì kọ ìpè. Sàfúrátù dúró sórí ìlà tí ilẹ̀ ìta ti pàdé sìmẹ́ńtì. Ó yí ọrùn padà.

Ojú Àìná là sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò wo ìyá rẹ̀. Ó ń wo àga tó ṣófo.

Ó ku ìṣísẹ̀ kan.